Oníjàkadì Náà Yóò Jẹun Lọ́la

Ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ ọdún 2021 ni Blessing Oborududu gba fàdákà níbi Òlíḿpíìkì Tokyo, tó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba àmì-ẹ̀yẹ ìjàkadì fún orílẹ̀-èdè yìí ní Òlíḿpíìkì. Ọmọ Bayelsa ni, ṣùgbọ́n ní Ṣàngó Toll Gate ní Ọ̀tà, níbi tí mo ń gbé, a kò bèèrè ìlú rẹ̀ kí a tó yọ̀. Èmi náà yọ̀ dọ́kàn. Nígbà tí ayọ̀ rọlẹ̀ ni mo wá ń wádìí ẹni tó fi pọ́ìntì mẹ́rin sí ẹyọ kan borí rẹ̀, Tamyra Mensah-Stock ti Amẹ́ríkà. Ohun tí mo kà nípa rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ọmọ Ghana ni bàbá Tamyra. Ìjàǹbá ọkọ̀ ló pa á nígbà tó ń ti ibi ìdíje ọmọ rẹ̀ bọ̀, tí ọmọ náà ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ọmọ náà fẹ́ pa ìjàkadì tì, àwọn ènìyàn rẹ̀ kò gbà fún un. Ó wọ Wayland Baptist University ní Texas, ibẹ̀ ló ti gba ipò kìíní lẹ́ẹ̀mejì láàárín àwọn obìnrin tó ń jàkadì ní yunifásítì Amẹ́ríkà. Ẹ̀bùn owó tó tọ́ sí i fún wúrà Tokyo jẹ́ dọ́là 37,500. Ó ní òun yóò yọ 30,000 níbẹ̀ fún ìyá òun, kí ó fi ra ọkọ̀ tí wọ́n fi ń ta oúnjẹ kiri. Nígbà tó fi máa di 2023, ó ti wọ WWE, iléeṣẹ́ ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n, orúkọ tó jẹ́ níbẹ̀ ni Tyra Mae Steele.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń tẹ̀lé ìtàn àwọn oníjàkadì yunifásítì: ta ló borí lọ́dún wo, kí ló sì dà lẹ́yìn rẹ̀. Sáà ọdún 2010 ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ọmọ tiwa wà níbẹ̀. Auchi ni wọ́n bí Kamaru Usman sí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí wọ́n mú un lọ sí Texas. Lọ́dún 2010, ní Yunifásítì Nebraska ní Kearney, ó ja ìjà márùndínláàádọ́ta, ẹyọ kan péré ló sì pàdánù. Òun ló gba ipò kìíní ní ìpele kejì ìdíje NCAA, àjọ eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, láàárín àwọn tí ìwọ̀n wọn jẹ́ pọ́ùn 174. Òlíḿpíìkì London 2012 ló ń lé, ara tó ń fara pa kò jẹ́ kó dé ibẹ̀. Ó yà sí ìjà àjàpapọ̀ (MMA), nígbà tó sì di ọjọ́ kejì oṣù kẹta 2019 ní Las Vegas, ó na Tyron Woodley, ó sì di ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Áfíríkà tó gba bẹ́líìtì UFC. Woodley tó nà náà, ìjàkadì yunifásítì Missouri ló ti wá. Bí àwọn méjèèjì ṣe ń wá ẹsẹ̀ ara wọn ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ nílé ìwé ni wọ́n ń lò.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo rẹ̀ dùn lọ́hùn-ún. Ìpínlẹ̀ Nebraska kan náà ni Yunifásítì Nebraska ní Omaha wà, àwọn ló gba ife ìjàkadì ìpele kejì yẹn ní 2009, ní 2010 àti ní 2011. Wọn ò tíì jẹ adùn ẹ̀kẹta tán tí yunifásítì fi kéde pé òun ti fi òpin sí ìjàkadì. Ó ká mi lára nígbà tí mo kà á. Ṣùgbọ́n kóòṣì wọn, Mike Denney, kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀, ó bá wọn lọ sí Maryville University, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ tuntun. Àgbà ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Daniel Igali ni ìtàn rẹ̀ gùn jù lójú mi. Ìlú Eniwari ní Bayelsa ló ti wá. Ọdún 1994 ló ṣe balógun ikọ̀ oníjàkadì Nàìjíríà lọ sí ìdíje Commonwealth ní Victoria, ní Kánádà, kò sì bá wọn padà. Ó forúkọ sílẹ̀ ní Simon Fraser University, ibẹ̀ ló ti ja ìjà 116 léraléra láìpàdánù ọ̀kankan. Ó gba ipò kìíní àgbáyé ní 1999, ó gba wúrà Sydney ní 2000, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún Kánádà nínú ìjàkadì. Gbogbo ìgbà tí èyí ń lọ, ìwé ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìwà ọ̀daràn títí dé oyè ìjìnlẹ̀ kejì. Nígbà tí egungun kò gba ìjà mọ́, ó padà wá sílé, ó kọ́ ilé-ìwé sí Eniwari, ó ṣe kọmíṣánnà eré ìdárayá ní Bayelsa, ó sì ṣe ààrẹ àjọ ìjàkadì Nàìjíríà.

Mo fi èyí wé ohun tí mo ń rí níbi tí mo ń gbé. Owó oníbodè ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Toll Gate láti 2004, orúkọ ló kù, àti èrò. Tírélà láti àwọn iléeṣẹ́ Ọ̀tà, kórópe, kẹ̀kẹ́ Márúwá, gbogbo wọn ń du ojú ọ̀nà kan. Àárín wọn ni àwọn alábàárù wà, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ọrùn wọn nípọn, tí ẹnìkan ń gbé àpò sìmẹ́ńtì bí ẹni gbé ìrọ̀rí. Mo mọ ọ̀kan nínú wọn tó ti jàkadì fún ilé-ìwé rẹ̀ rí, títí wọ́n fi pè é sí ibi tí wọ́n ti ń yan ikọ̀. Ó sọ fún mi pé: “Ẹ̀gbọ́n, nígbà yẹn, mo gbé ọmọ méje ṣánlẹ̀ ní ọjọ́ méjì. Àsìkò tí a wà ní kàǹpù náà ni wọ́n ń ṣe WAEC. Wọ́n ní kí n ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀.” Ọdún tó ń bọ̀ náà kò mú owó ìdánwò wá. Kò bínú nígbà tó ń sọ ọ́. Èmi ni mo bínú, mo sì ń bínú síbẹ̀, nítorí àgbàlagbà ló wà ní kàǹpù yẹn, wọ́n mọ ọjọ́ tí ìdánwò bọ́ sí.

Agbára kò wọ́n wa. Ará Ọ̀ffà, ìjàkadì ni wọ́n fi ń kì wọ́n látayébáyé. Odunayo Adekuoroye, ọmọ Àkúrẹ́, gba wúrà Commonwealth ní 2014, ní 2018 àti ní 2022, ó sì gba fàdákà àgbáyé ní 2017. Ohun tí Tamyra ní lọ́wọ́, tí Kamaru àti Igali ní, ni pé inú ilé-ìwé ni ẹní ìjàkadì wọn wà. Ẹni tó bá ń jà gbọ́dọ̀ wà ní kíláàsì kí wọ́n tó jẹ́ kó jà. Ọmọ tí orúnkún rẹ̀ bá yẹ̀ ní ọdún kejì ṣì lè jáde ní ọdún kẹrin pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́.

Ọ̀tà àti agbègbè rẹ̀ kò sì ṣaláìní yunifásítì. Covenant wà lójú ọ̀nà Ìdíìrókò, Bells wà ní Ọ̀tà níbí, Crawford wà ní Ìgbẹ́sà. Iléeṣẹ́ tó yí wọn ká kò lóǹkà. Ní oṣù karùn-ún 2025, ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí kan náà gba àlejò ìdíje eré ìdárayá orílẹ̀-èdè ní Abẹ́òkúta. Kí yunifásítì kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ́ ẹní ìjàkadì, kí iléeṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta san owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́wàá, n kò rò pé ó ju agbára wọn lọ. Ní ti àwọn ọmọbìnrin, ọ̀nà tilẹ̀ ti ṣí sí i: ní oṣù kìíní 2025 ni NCAA fọwọ́ sí i pé kí ìjàkadì obìnrin ní ìdíje tirẹ̀, kí àkọ́kọ́ wáyé ní 2026.

Ìyá kan ládùúgbò wa bi mí ní oṣù tó kọjá bóyá kí òun jẹ́ kí ọmọbìnrin òun tẹ̀lé kóòṣì kan lọ sí kàǹpù. Mo ní kí ó jẹ́ kó lọ. Mo tún ní kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ kóòṣì náà ibi tí ọmọ yóò ti ṣe WAEC, kí ó má sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ títí yóò fi dárúkọ ilé-ìwé náà.