Àwọ̀ Agẹmọ Kì í Ṣe Àríyá

Ìtàn tí a gbọ́ dàgbà nílẹ̀ Yorùbá ni pé nígbà tí Olókun pe Olódùmarè níjà aṣọ, agẹmọ ni Olódùmarè rán sí i. Aṣọ yòówù kí Olókun wọ̀ jáde, irú rẹ̀ gan-an ni agẹmọ ń gbé wọ̀, títí Olókun fi túúbá. Ìtàn náà dùn, mo sì ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé e ka agẹmọ tó ń sìn nínú ilé, agẹmọ ọ̀hún ni yóò jẹ ìyà rẹ̀.

Libreville ni mo ń gbé, aṣọ ni mo sì ń tà lọ́jà Mont-Bouët. Agẹmọ kì í ṣe àjèjì ní Gabon. Ó ní èyí tí akọ rẹ̀ ní ìwo mẹ́ta, ó ní èyí tí awọ ẹ̀yìn rẹ̀ dìde ṣánṣán, ó sì ní èyí tí awẹ́ awọ méjì bò ní ìpàkọ́, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Chamaeleo dilepis. Ẹ̀kẹta yìí ni tèmi, abo ni. Wọ́n gé igi ẹ̀yìnkùlé wa láti kọ́lé, ọmọ mi sì rí i lórí ẹ̀ka tó wó lulẹ̀.

Kò sí àlejò tó wá wò ó tí kò ní, “Ẹ gbé e lé aṣọ pupa ká wò ó.” Mo tẹ́ ankara pupa, mo gbé e lé e. Kò pọ́n. Tó-tò-tó dúdú ló yọ sí i lára, ó fẹ ọ̀fun rẹ̀, ó ya ẹnu, inú ẹnu náà sì hàn ní àwọ̀ ọsàn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó wá láti Sàkété nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àbúrò, ẹ̀rù ń ba nǹkan yẹn. Gbé e padà sórí igi.” Mo gbé e sórí ẹ̀ka máńgòrò, kò sì pẹ́ tí ara rẹ̀ fi padà di àwọ̀ ewé.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wò ó bí ìyá ṣe ń wo ojú ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀. Ooru ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Láti oṣù kẹfà títí wọ oṣù kẹsàn-án, òjò máa ń dáwọ́ dúró ní Libreville, síbẹ̀ ìkùukùu a máa bo oòrùn, òwúrọ̀ a sì tutù. Nígbà náà, ṣíṣú ni agẹmọ mi máa ń ṣú. Bí oòrùn bá yọ díẹ̀, á kọ ẹ̀gbẹ́ kan sí i, á tẹ́ ara pẹrẹsẹ. Ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ń pa á dúdú, èkejì á ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé. Níbi tí ewé kan bá ti ṣíji bò ó, àwòrán ewé náà á hàn lára rẹ̀ kedere. Ara rẹ̀ kò lè dá ooru tirẹ̀ ṣe. Dúdú ló fi ń fa oòrùn mọ́ra. Bí ooru bá wá pọ̀ jù, ara rẹ̀ á mọ́. Lóru, bó bá sùn, á funfun débi pé iná tọ́ọ̀ṣì lásán á fi í hàn láàárín ewé.

Ní ọdún 2015, Michel Milinkovitch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Geneva ṣàlàyé bí nǹkan ṣe ń lọ nínú awọ agẹmọ Madagásíkà kan. Wọ́n bá kírísítálì guanine kéékèèké níbẹ̀, tí wọ́n tò létòlétò. Bí ara akọ bá balẹ̀, àwọn kírísítálì náà á sún mọ́ra, ìmọ́lẹ̀ búlúù ni wọ́n á máa dá padà. Yẹ́lò tó wà nínú awọ á dà pọ̀ mọ́ ọn, ojú wa á rí àwọ̀ ewé. Bí inú bá ru ú, wọ́n á jìnnà síra, yẹ́lò àti pupa á sì gbòde. Dúdú ní tirẹ̀ wá láti ara mẹ́lánì, èròjà kan náà tó mú awa náà dúdú: bó bá ká jọ, ara á mọ́, bó bá tàn káàkiri, ara á ṣú.

Lóòótọ́, àwọ̀ ewé ń fi í pamọ́ fún ẹyẹ àti ejò. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ Devi Stuart-Fox àti Adnan Moussalli yẹ àwọn agẹmọ kúkurú ti Gúúsù Áfíríkà wò ní 2008, àwọn tí àwọ̀ wọn ń yí jù ni àwọn tó ń fi àwọ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀, pàápàá nínú ìjà akọ sí akọ. Ìdí nìyí tí mi ò fi jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé dígí síwájú tèmi. Ọ̀tá ló máa rò pé òun rí.

Ìgbà kan wà tó dúdú láti òwúrọ̀ dalẹ́, bẹ́ẹ̀ ooru mú. Kò jẹ tata, kò jẹ aáyán, ìsàlẹ̀ àgò ló ń rìn kiri, ó ń fi ọwọ́ walẹ̀. Àwọn kan ní kí n sọ ọ́ nù, pé ohun burúkú ni. Mo rọ iyẹ̀pẹ̀ àti yanrìn tútù kún báàkẹ́ẹ̀tì, mo gbé e sínú rẹ̀, mo fi aṣọ bo àgò. Ó gbẹ́ ihò, ó kọ ìdí sí i, ó yé ẹyin tó lé ní ogún, ó wa iyẹ̀pẹ̀ bò ó, kò sì bojú wẹ̀yìn mọ́. Òwe wa ò kúkú purọ́: alágẹmọ ti bí ọmọ rẹ̀ tán, àìmọ̀-ọ́n-jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Ká ní mi ò fún un ní ilẹ̀ ni, ẹyin ì bá há sí i nínú, ì bá sì pa á.

Nítorí náà, ẹ má wo àwọ̀ nìkan. Ẹ wo àkókò, ẹ wo ooru, ẹ wo ẹni tó dúró tì í. Dúdú òwúrọ̀ kò ṣe nǹkan kan. Dúdú ọ̀sán gangan nínú ooru ni kí ẹ bẹ̀rù. Ẹ wọ́n omi sórí ewé fún un, torí ìkán omi ló ń lá, kì í mọ omi inú abọ́. Ẹ má sì fi í sínú ẹrù lọ sí Cotonou tàbí Lomé, torí CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, ò gbà kí a gbé e kọjá ẹnubodè láìgbàwé àṣẹ.

Àwọn àlejò ṣì ń wá, wọ́n ṣì ń béèrè àwọ̀ pupa. Mo máa ń sọ fún wọn pé èyí tó ń wò wọ́n láìyí padà yẹn ni àwọ̀ rẹ̀ tó dára jù. Ẹni tó bá fẹ́ wo àrà, kó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.