Kí Owó Ilé Tó Kúrò Lọ́wọ́ Wa

Nínú ìwé fíkíhì tí à ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-kéwú, ọ̀rọ̀ títà àti rírà gba orí tó gùn. Ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń ta ọjà kò gbọdọ̀ bo àlébù ọjà rẹ̀ mọ́lẹ̀, àti pé ẹni tó bá rà á, tí ó wá rí àlébù tí wọ́n fi pamọ́ fún un, ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí èmi fúnra mi ń wá ilé rà, mo rí i pé irú àlébù kan wà tí olóòótọ́ ènìyàn pàápàá kò lè sọ fún mi, nítorí pé lójú tirẹ̀ kì í ṣe àlébù. Ilẹ̀kùn tí ó ti ń gbà kọjá láti ogún ọdún láìfara kan ògiri, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé kò gba ẹlòmíràn?

Àrùn rọpárọsẹ̀ mú mi nígbà tí mo wà ní kékeré, ní àwọn ọdún tí ó ń jà káàkiri ilẹ̀ yìí. (Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ irú rẹ̀ àtijọ́, ṣùgbọ́n irú mìíràn ṣì ń yọjú. Nítorí náà, ẹ má dáwọ́ àjẹsára àwọn ọmọ dúró.) Ọ̀pá méjì tí mo ń há sí abẹ́ apá ni mo fi kéwú, àwọn náà ni mo fi lọ sí ilé-ìwé. Èjìká tí ènìyàn bá fi ń rìn fún ogójì ọdún, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò ní ó tó gẹ́ẹ́. Láti ọdún 2017 ni mo ti wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ. Bí mo bá pè é bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bínú. Èmi ni mo jókòó sí i.

Ìbàdàn ni à ń gbé, ẹni tó bá sì mọ Ìbàdàn mọ̀ pé orí òkè àti ẹ̀gbẹ́ òkè ni ìlú náà wà. Ilé lè ní àtẹ̀gùn mẹ́ta níwájú kí ó ní mẹ́wàá lẹ́yìn. Àwọn tó ń rìn a máa yin irú ilé bẹ́ẹ̀ pé ó ga kúrò lọ́wọ́ àgbàrá. Òótọ́ ni wọ́n sọ, nítorí ìlú kò gbàgbé omíyalé ọdún 1980 àti ti ọdún 2011. Gíga kan náà ni ó ń ti èmi mọ́ ìta.

Kí n tó jáde lọ wo ilé kankan, kẹ̀kẹ́ mi ni mo kọ́kọ́ wọ̀n. Ínṣì 26 ni fífẹ̀ rẹ̀ láti etí táyà kan dé èkejì. Bí mo bá wá gbé ọwọ́ lé táyà láti tì í, ìka mi ń fẹ́ ínṣì méjì sí i lápá kọ̀ọ̀kan, ó di 30. Kí n tó lè yí po lójú kan, mo nílò ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún níbùú àti lóòró. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, mo ju téèpù káfíńtà sí àpò, ó di ọ̀nà.

Ilé àkọ́kọ́ wù wá. Yàrá mẹ́ta, kànga, òrùlé tí kò jò, owó tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa fẹ́ yá wa láìgba èlé sì ká a. Bàbá onílé kò fi ohunkóhun pamọ́. Ó fi ibi tí òjò ti wọlé rí hàn wá, ó sì sọ bí ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ ṣe parí. Ajẹ́ńtì ní ẹlòmíràn ń gbé owó bọ̀ lọ́jọ́ kejì. (Mo ti ṣàkíyèsí pé ẹlòmíràn yìí kì í sinmi; kò sí ilé tí a wò tí kò ń gbé owó bọ̀.) Mo yọ téèpù. Àtẹ̀gùn mẹ́rin ló wà níwájú ilé, ìkọ̀ọ̀kan ga ní ínṣì mẹ́fà, àpapọ̀ rẹ̀ 24. Ọ̀nà tó dagẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ lè gùn láìsí ewu, ínṣì kan ní gíga ń gba ẹsẹ̀ bàtà kan ní gígùn. Ẹsẹ̀ bàtà 24 nìyẹn, láti ẹnu ọ̀nà dé gọ́tà kò sì ju 15 lọ. A ìbá ní kí ọ̀nà náà ṣẹ́rí padà, àmọ́ kànga ló wà níbẹ̀.

Nínú ilé, àwọn ilẹ̀kùn yàrá gbà mí. Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀, ṣùgbọ́n ògiri sí ògiri ni wọ́n ń kà. Ẹ̀yin tí ẹ ó bá wọn irú rẹ̀, inú férémù ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, nítorí nínípọn ilẹ̀kùn náà ń jẹ nínú àyè. Ínṣì 26 péré ló kù. Kẹ̀kẹ́ á wọlé, ìka mi á kù síta. Èyí tó tún burú ni pé inú ni ilẹ̀kùn náà ń ṣí sí. Bí mo bá tilẹ̀ wọlé, kò ní ṣeé tì. Ẹ fojú inú wò ó, baálé ilé tí kò lè ti ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀.

Ajẹ́ńtì wò mí títí, ó ní: “Àáfà, kí lẹ ń wọn gbogbo èyí fún? Ẹ ṣáà ní àwọn ọmọkùnrin, wọ́n á máa gbé yín.” Àdúrà ló rò pé òun ń ṣe fún mi.

Ìyàwó mi ló dá a lóhùn: “Ọmọ mi, àwọn ọmọ náà á lọ sí ilé tiwọn. Ta ni yóò wá máa gbé bàbá wọn lọ ṣe àlùwàlá, ìgbà márùn-ún lójúmọ́?”

Wọ́n ti gbé mi rí, wọn yóò sì tún gbé mi. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà fún akàndá ẹ̀dá. Ọdún márùn-ún náà pé ní 2024, síbẹ̀ ọwọ́ àwọn tí n kò mọ̀ rí ni mo ṣì fi ń gun àtẹ̀gùn mìíràn. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí n fi owó ara mi ra ilé tí n ó ti máa dúró de ẹni tí yóò gbé mi láti yàrá dé balùwẹ̀, ìyẹn kò wọ̀ mí létí. A kí bàbá onílé, a kúrò níbẹ̀.

Ilé kejì kò lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí. Àtẹ̀gùn méjì ni, ojúde rẹ̀ sì gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 20. Ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ há bíi ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n bíríkìlà tí mo mú dání wo òkè ògiri, ó ní kọnkéré tí wọ́n ń pè ní líntà yí gbogbo ilé po, nítorí náà a lè gé búlọ́ọ̀kù ẹ̀gbẹ́ kan kúrò láìsí pé òkè ń wó. Mo padà síbẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá kan láti mọ̀ bóyá táyà á rì nínú ẹrẹ̀ ojúde. Ó rì díẹ̀. Mo kọ owó kọnkéré ojúde, ti ọ̀nà gẹ̀rẹ́, ti ilẹ̀kùn tí yóò máa ṣí síta àti ti irin ìdìmú sórí ìwé kan, mo gbé e fún onílé pé kí ó yọ ọ́ nínú owó ilé. Kì í ṣe sàráà ni mo tọrọ, ìdúnàádúrà ni. Ó yọ ìdajì, a sì jọ fọwọ́ sí ìwé níwájú ẹlẹ́rìí àti lọ́yà.

Gbogbo iṣẹ́ náà ti parí báyìí, àfi síńkì ilé ìdáná. Mo fẹ́ kí a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ìyàwó mi ní òun kò ní máa bẹ̀rẹ̀ fọ àwo nítorí ọkùnrin tí kì í fọ àwo. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nílẹ̀.