Oúnjẹ Àbọ̀ Tí A Jẹ Ní Àlọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹni méjì tí ó jìn sí kòtò ni mo fẹ́ ròyìn fún yín lọ́sẹ̀ yìí. Èkíní ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èkejì ni èmi tìkára mi.

Court Line ni orúkọ ilé-iṣẹ́ náà, ìlú Luton sì ni ibùdó rẹ̀. Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni àwọn tí ó ni ín ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1965 wọ́n ra ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí ń jẹ́ Autair. Nígbà tí ó di ọdún 1970 wọ́n sọ ọ́ ní Court Line. Àwọn tí ń ta ìsinmi ni wọ́n ń háyà ọkọ̀ wọn ní odindi, gẹ́gẹ́ bí a ti ń háyà bọ́ọ̀sì lọ síbi ìgbéyàwó. Wọn a kó àwọn ará ìlú tí òtútù ń pa lọ sí etí òkun ilẹ̀ Sípéènì. Owó ọkọ̀, owó hòtẹ́ẹ̀lì àti owó oúnjẹ, wọ́n di gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí iye kan tí apá òṣìṣẹ́ kékeré ká. Ṣùgbọ́n kí oníbàárà tó gbéra ni yóò ti sanwó.

Ọkọ̀ wọn dára ní wíwò. Òmíràn ní àwọ̀ ọsàn, òmíràn jẹ́ elésè àlùkò, òmíràn pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá tò sí pápá, ẹ ó rò pé ìyá aláṣọ ni ó pàtẹ.

Ẹ̀yìn ìjókòó tí ó wà níwájú èrò ni wọ́n ń kó oúnjẹ sí. Ti àlọ wà lọ́tọ̀, ti àbọ̀ wà lọ́tọ̀, wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn ti àbọ̀ pa, nítorí pé ti àwọn tí ń dúró ní Sípéènì ni. Ṣùgbọ́n àwọn èrò kan mọ ọgbọ́n tí a fi ń ṣí i. Bí wọ́n bá jẹ tiwọn tán, wọn a jẹ ti ẹlòmíràn mọ́ ọn. Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí.

Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà pàápàá ń bọ̀ wá jẹ oúnjẹ àbọ̀. Ní ọdún 1973 wọ́n kó ọkọ̀ ńlá méjì dé tí à ń pè ní TriStar, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí èrò 400. Ní ọdún náà gan-an ni wọ́n gba Clarksons, oníbàárà wọn tí ó tóbi jù lọ, ní pọ́n-ùn kan ṣoṣo, nítorí pé ọjà àtàpàdánù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ìhà Ìlà Oòrùn ní oṣù kẹwàá, owó epo rọ̀bì di ìlọ́po mẹ́rin láàárín oṣù díẹ̀. Àwọn oníbàárà sì fà sẹ́yìn. Owó tí ẹlòmíràn san sílẹ̀ fún ìsinmi ọ̀la ni wọ́n ń fi gbọ́ bùkátà òní.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1974 ìjọba kéde pé òun yóò gba ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́ wọn. Mínísítà Tony Benn sì fi ọkàn ará ìlú balẹ̀ nípa ìsinmi ọdún náà. Kò pé oṣù méjì tí gbogbo rẹ̀ fi wó lulẹ̀, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wà lókè òkun tí a ní láti wá ọkọ̀ mìíràn kó wálé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún mìíràn ti sanwó, wọn kò sì rí ibi kankan lọ.

Kí ni ó kàn mí nínú èyí? Ní ọdún 2023, lọ́wọ́ mi ni owó ìrìn-àjò àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sí Òkè Olúmọ wà. Bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 fún lítà kan di nǹkan bí ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, onímọ́tò sì fi owó kún owó. Dípò kí n pe àwọn òbí, mo mú ₦60,000 nínú owó àríyá ìdágbére àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà, èyí tí ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Mo ní n óò dá a padà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

A lọ, a bọ̀, àwọn ọmọ ń kọrin. Ọjọ́ àríyá kù sí dẹ̀dẹ̀, n kò rí nǹkan kan dá padà. Ìyá kan tí ń ta ata, tí ó ń mú ₦200, ₦200 wá, bi mí pé, “Ẹ jọ̀ọ́ Tíṣà, ọmọ mi ti ra bàtà sílẹ̀. Ṣé kò sí o?” Ojú tì mí. N kò jalè, n kò sì fi kọ́bọ̀ kan jẹun; síbẹ̀ owó olówó kò sí níbi tí ó fi í sí.

Mo jẹ́wọ́ fún àwọn òbí, mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, oṣù mẹ́rin ni mo sì fi san án. Láti ìgbà náà, òbí méjì ni ó ń tọ́jú owó kíláàsì mi ní báńkì.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà kọ́gbọ́n. Ní ọdún 1975 wọ́n ṣe òfin tí ó dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ bá bá.

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ń gba owó ọjà sílẹ̀, ẹ̀yin alájọ, àti ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí ń tan ni jẹ kì í ṣe olè nìkan. Èrò pé “n óò dá a padà” ni. Bí ọ̀nà bá wọ́n jù, ẹ tètè sọ fún ẹni tí ó ni owó. Ẹ jẹ́ kí oúnjẹ àbọ̀ dúró de ẹni àbọ̀.