Ilé Ìsìn Tí Ó Rẹ Ara Rẹ̀ Sílẹ̀

Bí a bá fẹ́ kọ́ ilé fún Olúwa, òkè ni ọkàn wa máa ń lọ. A ó fẹ́ ilé gogoro, kí àwọn tí ń kọjá lójú títì lè mọ̀ pé ìjọ ńlá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí ilé ìsìn kan tí ó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni a ń sọ̀ lọ kí a tó wọ inú rẹ̀.

Dachau ni ó wà, lẹ́bàá Munich ní ilẹ̀ Jámánì, nínú ọgbà tí ìjọba Hitler fi ṣe àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n láti ọdún 1933 títí di ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 1945. Àwọn tí wọ́n kó wá síbẹ̀ ju 200,000 lọ. Àwọn tí ó kú ju 41,000 lọ. Àwọn àlùfáà àti oníwàásù tí wọ́n há mọ́ ibẹ̀ pàápàá ju 2,500 lọ.

Arákùnrin kan nínú Olúwa ni ó mú mi lọ. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé gbogbo ọgbà náà ṣe tààrà. Ilé ẹlẹ́wọ̀n 34 ni ó wà níbẹ̀ rí, ní ìlà méjì, tí ọ̀nà gbọọrọ kan la àárín wọn kọjá. Ètò kò wọ́n àwọn apànìyàn náà rárá.

Ní ìpẹ̀kun ọgbà náà ni Ṣọ́ọ̀ṣì Ìlàjà ti àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì wà. Helmut Striffler ni ó ya àwòrán rẹ̀. Kọnkéré lásán ni, a kò rẹ́ ẹ, a kò sì kùn ún lọ́dà. Ògiri rẹ̀ ń tẹ̀, ó ń yí. Striffler mọ̀ọ́mọ̀ sá fún igun tí ó ṣe déédé, kí ilé Ọlọ́run má baà fi ara jọ àgọ́ ikú. A sọ àtẹ̀gùn fífẹ̀ kan lọ sínú ilẹ̀, a sì dé àgbàlá kékeré kan. Yàrá ìsìn wà ní apá kan, yàrá ìpàdé wà ní apá kejì. Ọ̀nà tí a gbà wọlé kọ́ ni a gbà jáde.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1967 tí a yà á sí mímọ́, Pásítọ̀ Martin Niemöller ni ó wàásù. Òun náà ti ṣe ẹ̀wọ̀n níbẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù kẹwàá ọdún 1945, ó wà lára àwọn olórí ìjọ tí wọ́n fi ọwọ́ sí ìwé ní Stuttgart pé ìjọ náà jẹ̀bi. Nítorí náà, ilé yìí kì í ṣe ilé ìṣẹ́gun. Ilé ìjẹ́wọ́ ni.

Mo jókòó níbẹ̀, mo sì rántí ilé ìsìn tí àwa ń kọ́ lọ́wọ́ nílé nígbà náà. Ìpàdé mẹ́ta ni a ti fi jiyàn lórí orúkọ àwọn tí a ó kọ sára òkúta ìpìlẹ̀, èmi náà sì fẹ́ kí tèmi ṣíwájú. Ojú tì mí. Nígbà tí mo padà dé, mo ní kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò. Inú àwọn kan kò dùn, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn náà parí lọ́jọ́ náà.

Ẹ rántí òkúta 12 tí Jóṣúà tò sí Gílígálì, kí àwọn ọmọ lè béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ tiwa náà yóò béèrè. Ǹjẹ́ iṣẹ́ Olúwa ni òkúta wa yóò sọ fún wọn, tàbí orúkọ wa? Kí Olúwa kọ́ wa ní ìrẹ̀lẹ̀. Àmín.