Ọmọ Tí Kì Í Jẹ Ohun Gbogbo: Láti Kuje sí Ọgbà Ìṣeré

Ẹni tí ó bá ní mọ́tò, tí ó sì ń dá rìn, yóò sọ fún yín pé Kuje kò jìnnà sí ìgboro Abuja. Ṣùgbọ́n ẹ bi ìdílé tí ó ní ọmọ kan tí ó ní ọ́tísíìmù, tí ọmọ náà kì í sì í jẹ ju oríṣi oúnjẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, wọn yóò sọ fún yín pé ọ̀nà náà jìn púpọ̀, àti pé oúnjẹ ni ó mú un jìn. Irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí: kí a gbé ọmọ náà jáde láti Kuje lọ sí ọgbà ìṣeré ní ìgboro, kí ó ṣeré, kí ó jẹun, kí gbogbo ilé sì padà láìsí omijé.

Kuje jẹ́ ọ̀kan nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tí ó wà ní agbègbè olú-ìlú wa, agbègbè tí ìjọba ológun dá sílẹ̀ ní ọdún 1976. Àwọn Gbagyi ni onílẹ̀ níbẹ̀. Títí di òní, bí ẹ bá dé ọjà Kuje, ẹ lè rí àwọn obìnrin wọn tí wọ́n gbé ẹrù lé èjìká dípò orí. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kó kúrò ní Èkó wá sí Abuja ní oṣù Kejìlá ọdún 1991, tí owó ilé sì ń gun òkè ní ìgboro, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó wá ibi gbé sí ní Kuje, Lugbe, Kubwa àti Nyanya, àwọn ọmọ Yorùbá kò sì gbẹ́yìn nínú wọn. Ó dùn mí pé ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ ìlú náà, pàápàá láti ìgbà tí àwọn agbésùnmọ̀mí ya bò ó ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 2022. Àwa tí a mọ ibẹ̀ mọ̀ ọ́n sí ìlú ohun oko, ibi tí ènìyàn ti lè ra iṣu àti èròjà ọbẹ̀ ní owó tí ó ṣe é gbọ́.

Ọgbà ìgbafẹ́ wà níbẹ̀, bí ó ti wà káàkiri Abuja: àga lábẹ́ igi, ẹja àrọ̀ yíyan, súyà, èéfín, àti sípíkà ńlá tí ń dún títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ṣùgbọ́n ọtí ń ṣàn nínú púpọ̀ nínú wọn, ìdílé Mùsùlùmí kì í sì í sábà kó ọmọ lọ síbẹ̀. Bí ó bá di ti ọgbà tí ó ní ẹ̀rọ ìṣeré ńláńlá, ìgboro ni à ń lọ. Láti Kuje, ọ̀nà yóò gbé yín jáde sí títì márosẹ̀ tí ó ti pápákọ̀ òfurufú wá, èyí tí wọ́n fi orúkọ Umaru Musa Yar'Adua pè. Ẹ ó kọjá Lugbe, níbi tí mọ́tò ti máa ń fún mọ́ra wọn, kí ẹ tó máa wo pápá ìṣeré ńlá tí wọ́n fi sọrí Moshood Abiola ní ọdún 2019. Ní sàkání ibẹ̀, ní Kukwaba, ni Magicland wà, tí wọ́n ń pè ní Wonderland tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Ìbàdàn tí ẹ mọ Trans-Amusement Park, tàbí ní Èkó tí ẹ mọ ti Apapa, ẹ ti mọ irú ibi tí mo ń sọ. Bí ọdún Iléyá tàbí Ìtúnu Ààwẹ̀ bá ti dé, irú ibẹ̀ ni gbogbo ọmọ ń yọ òbí wọn lẹ́nu sí.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ ti ọmọ náà. Ní ọdún 1943, Leo Kanner, oníṣègùn kan ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ mọ́kànlá tí ìṣe wọn yàtọ̀: ìbánisọ̀rọ̀ nira fún wọn, wọ́n fẹ́ kí ohun gbogbo wà bí ó ti wà lánàá, ariwo a sì máa dẹ́rù bà wọ́n. Nínú ìwé náà gan-an ni ó ti sọ pé púpọ̀ nínú wọn ni oúnjẹ ti di ìjà fún láti ìgbà ọmọ ọwọ́. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2013, tí ó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí ìṣáájú pọ̀, sọ pé ìṣòro oúnjẹ láàárín irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ tó ìlọ́po 5 ti àwọn ọmọ yòókù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fojú bù ú pé ní ọdún 2021, ènìyàn 1 nínú 127 ni ó ní ọ́tísíìmù. Ẹ ka iye ọmọ tí ó wà ní ilé kéú àdúgbò yín, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹnu, imú àti ojú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń gba nǹkan ju tiwa lọ. Yíyọ̀ ilá tí ó dùn mọ́ wa lè jẹ́ ìríra fún un. Èèpo tòmátò tín-ín-rín nínú ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù lè dà bí iyanrìn ní ẹnu rẹ̀. Bí ó bá sì ti mọ oúnjẹ kan mọ́ bí ìyá rẹ̀ ti ń sè é, oúnjẹ kan náà láti ọwọ́ ẹlòmíràn ti di àjèjì: ìrẹsì náà gùn jù, àwo náà pupa, òórùn epo mìíràn wà lára rẹ̀. Àwọn àgbà a máa sọ pé ebi ni yóò kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́gbọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wọn. Òmíràn nínú wọn yóò fi ebi gbé ọjọ́ náà títí dé alẹ́, bí ebi bá sì ti mú un tán, tí ariwo ọgbà tún dé lé e, yóò bú sí igbe tí kò sí ẹni tí ó lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu dá a dúró.

Ìdílé kan wà tí mo mọ̀ ní Kuje, tí ọmọkùnrin wọn jẹ́ ọdún mẹ́jọ. Ìrẹsì funfun láìsí ọbẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀, àti dòdò tí a dín kí ó le, àti inú búrẹ́dì, àti bísíkíìtì oríṣi kan ṣoṣo. Ife búlúù kan ni ó sì fi ń mu omi. Ní ọjọ́ kejì Iléyá, wọ́n kó gbogbo ilé lọ sí ọgbà ìṣeré kan ní ìgboro, ìyá ọmọ sì di oúnjẹ rẹ̀ sínú kúlà kékeré. Ẹ̀ṣọ́ dá wọn dúró ní ẹnu ọ̀nà.

“Alhaji, ẹ má bínú, a kì í gbé oúnjẹ wọlé síbí. Oúnjẹ wà nínú.”

“Ọ̀gá mi, ti ọmọ kékeré yìí nìkan ni. Kì í jẹ nǹkan mìíràn.”

“Òfin ni, sà.”

Kúlà dúró sí ẹnu ọ̀nà. Nínú ọgbà, wọ́n tò lórí ìlà fún oúnjẹ títí oòrùn fi kan àtàrí, jẹnẹrétọ̀ ń kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti adìyẹ ni ó dé. Ọmọ náà wo àwo, ó tì í dànù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ilẹ̀, ó ń fi orí gbá kọnkéré. Màmá àgbàlagbà kan ní tábìlì kejì bá yíjú sí wọn pé, “Ẹ̀yin òbí ìsinsìnyí, ẹ ti kẹ́ ọmọ jù. Ẹ gbá a létí lẹ́ẹ̀mejì, yóò jẹun.” Ìyá ọmọ dáhùn pé, “Ẹ ṣé, mà,” ó sì gbé ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún méjì kí wọ́n tó tún bá àwọn ọmọ jáde lọ sí ibikíbi. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá, kò tilẹ̀ béèrè mọ́. Èyí ni ó ká mi lára jù nínú ìtàn náà.

Màmá yẹn rò pé òun gbani nímọ̀ràn ni. Ṣùgbọ́n ó wà nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá pé wọ́n gbé ẹran alángbá aginjù yíyan síwájú Ànọ́bì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Nígbà tí wọ́n sọ ohun tí ó jẹ́ fún un, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. Khalid ọmọ Walid béèrè bóyá èèwọ̀ ni. Ó fèsì pé rárá, àmọ́ kò sí irú rẹ̀ ní ilẹ̀ àwọn ènìyàn òun, kò sì wu òun. Khalid bá jẹ tirẹ̀, Ànọ́bì sì ń wò ó. Ẹnikẹ́ni kò bu ẹlòmíràn lù, oníkálukú jẹ ohun tí ọkàn rẹ̀ gbà. Mo rò pé tábìlì oúnjẹ àwa náà lè gba bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ lọ, oúnjẹ ọmọ yóò bá yín lọ láti ilé. Ìrẹsì rọrùn: fílásíìkì onígbóná yóò tọ́jú rẹ̀. Dòdò ni ó ń fẹ́ ọgbọ́n. Bí ẹ bá sé e mọ́ inú kúlà ní gbígbóná, ooru rẹ̀ yóò mú un rọ̀ kí ẹ tó dé Lugbe, ọmọ tí ó fẹ́ ẹ ní líle yóò sì kọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ó tutù díẹ̀ kọ́kọ́, kí ẹ tẹ́ ìwé ìnuwọ́ sábẹ́ rẹ̀ nínú abọ́, kí ẹ má sì dé e pa. Ẹ mú àwo rẹ̀, ṣíbí rẹ̀ àti ife rẹ̀ dání. Ẹ fún un jẹ nínú mọ́tò kí ẹ tó wọlé, kí ó lè jẹ́ pé ohun tí yóò jẹ nínú ọgbà kàn jẹ́ àjẹkún. Ẹ má fi òde dán oúnjẹ tuntun wò. Ilé ni a ti ń ṣe ìyẹn, ní ọjọ́ tí kò sí ẹni tí ń wò. Bí ọmọ bá sì ń gbẹ, tàbí tí oúnjẹ rẹ̀ ń dín kù sí i, ẹ gbé e lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Abuja wà ní Gwagwalada, tí ó múlé gbe Kuje.

Ní ti àwọn ọmọ yòókù, ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ ohun tí ó wù wọ́n. Kí ẹ ti béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe pa ẹran náà, kí ẹ sì ra adìyẹ àti áísìkiriìmù fún wọn. Mo ti rí ilé tí gbogbo ènìyàn ń jẹ ìrẹsì funfun lóde nítorí ẹnì kan. Kò yẹ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ àti wákàtí ṣe pàtàkì ju ọgbà tí ẹ yàn lọ. Ẹ yẹra fún ọjọ́ ọdún àti ọjọ́ mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e. Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kan, nígbà ìsinmi ilé-ìwé, ni kí ẹ lọ. Bí ẹ kò bá tíì dá ẹ̀rọ àti ariwo lójú, ẹ kọ́kọ́ lọ sí Millennium Park ní Maitama, tí Ọbabìnrin Elizabeth ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ní oṣù Kejìlá ọdún 2003. Koríko àti igi ni ó pọ̀ níbẹ̀. Ẹ lè tẹ́ ẹní sílẹ̀ kí ẹ jẹ oúnjẹ yín. Ibikíbi tí ẹ bá jókòó sí, kí ó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, sí sípíkà àti sí ibi tí wọ́n ti ń yan ẹran.

Mo ní ọ̀rọ̀ fún àwọn tí ó ni ọgbà pẹ̀lú. Ní Walt Disney World ní Florida, tí ó ṣí ní ọdún 1971, wọ́n gbà kí àlejò gbé oúnjẹ tirẹ̀ wọlé, yàtọ̀ sí ọtí àti ohun tí ó wà nínú ìgò. Láti ọdún 2013 ni wọ́n sì ti ní ètò kan tí ọmọ tí ó ní ọ́tísíìmù kò fi ní láti dúró lórí ìlà. Ẹ má sọ pé Amẹ́ríkà nìyẹn. Òfin tiwa tí ó dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara, tí Ààrẹ Buhari fi ọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2019, sọ pé níbi ìlà, àwọn ni kí á kọ́kọ́ dá lóhùn, kí á sì ṣe tiwọn lẹ́yìn ìlà bí ó bá ti ṣeé ṣe tó. Àìlera òye àti ti ìmọ̀lára wà nínú ohun tí òfin náà kà sí. Ẹ tẹ ojú ìwé yẹn jáde, kí ẹ ká a sínú àpò. Ẹ̀yin onílé oúnjẹ, ìdílé ẹni mẹ́fà tí ẹ dá padà nítorí kúlà ọmọ kan, ẹni márùn-ún nínú wọn ni ìbá ra oúnjẹ lọ́wọ́ yín.

Ìdílé Kuje yẹn tún gbìyànjú. Ọjọ́ Àtàláátà kan nínú oṣù Kẹjọ ni, lásìkò òjò, nígbà tí ọgbà kì í kún. Bàbá ti fi fóònù bá alábòójútó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ méjì ṣáájú, orúkọ ẹni tí ó fún wọn láyè ni ó sì dá fún ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ náà jẹ ìrẹsì rẹ̀ nínú mọ́tò. Kò gun ẹ̀rọ kankan. Ó dúró, ó ń wo kẹ̀kẹ́ ńlá bí ó ti ń yí, fún bí ogójì ìṣẹ́jú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gun un lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ kírun Àìlà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì wà lójú ọ̀nà kí Àláásárì tó wọlé, nítorí pé bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti jáde, Lugbe á dì pa. Ẹ ṣẹ́ bísíkíìtì díẹ̀ kù sínú àpò, kí ẹ má sì fi ife búlúù náà sí búùtù. Àárín Lugbe ni yóò ti béèrè omi.