Ọdún tí Mo Wà Lórí Òkè, tí Ilé Ń Dúró Dè Mí

Ní òwúrọ̀ tí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú ní Douala, tí kùrukùru sì ká kúrò, ẹ lè dúró sórí afárá Wouri kí ẹ rí Òkè Kamẹrúùnù lọ́ọ̀ọ́kán, àfi bí ẹni pé wọ́n gbé e wá sí etí odò lóru. Òkè náà jìnnà sí wa tó nǹkan bí 60 kìlómítà. Ó ga ju 4,000 mítà lọ, kò sì sí òkè tó ga tó o ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn Bakweri tó ni ilẹ̀ ibẹ̀ ń pè é ní Mongo ma Ndemi. Láti ọdún 2011 ni mo ti ń mú àwọn èèyàn gùn ún. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn.

Bàbá mi kò fi ìgbà kankan pè é ní iṣẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bàbá. Ọdún 1974 ni wọ́n wọ Douala, ẹrù ni wọ́n kọ́kọ́ rù fún àwọn oníṣòwò ní ọjà New Bell kí wọ́n tó rí owó bẹ̀rẹ̀ aṣọ títà. Lọ́jọ́ tí mo sọ fún wọn pé mo ti di amọ̀nà òkè, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Iṣẹ́ alábàárù ni mo sá fún tí mo fi ń ta aṣọ. Ìwọ wá lọ di ọ̀gá àwọn alábàárù." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán nínú mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìrìn afẹ́ lásán ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni. Lọ́jọ́ kìíní, a ó gbéra láti Upper Farms ní Buea, a ó la igbó kọjá títí igi yóò fi tán lójijì tí yóò ku koríko nìkan, a ó sì sùn sí Hut 2. Lọ́jọ́ kejì, a ó jí ní ìdájí, a ó dé ṣóńṣó orí òkè kí atẹ́gùn tó le, a ó wá gba ẹ̀yìn òkè sọ̀ kalẹ̀ lọ sùn sí Mann's Spring. Ọjọ́ kẹta là ń padà. Amọ̀nà ló gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí orí ń fọ́ àmọ́ tí kò fẹ́ sọ, ẹni tí bàtà ti bó lẹ́sẹ̀, àti alábàárù tí ẹrù rẹ̀ ti pọ̀ jù. Amọ̀nà náà ló ń sọ fún ẹni tó ti san gbogbo owó rẹ̀ pé kó padà sílé. Òtútù orí òkè yẹn, n kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ará Douala tí kò lè sùn láìsí fáànù. Òkè náà sì wà láàyè: ó bú iná ní 1999, àpáta yíyọ́ ṣàn dé Bakingili, ó sì gé ọ̀nà tó ti Limbe lọ sí Idenau; ó tún bú ní 2000 àti 2012. Àwọn Bakweri ní Efasa Moto, ẹni tí apá kan ara rẹ̀ jẹ́ èèyàn tí apá kejì jẹ́ òkúta, ló ni òkè. N kì í bá wọn jiyàn. Alábàárù mi tó dàgbà jù máa ń ta omi sílẹ̀ kí a tó wọ igbó, èmi á sì ka Fátíhà tèmi.

Ìparí ọdún 2016 ni àwọn agbẹjọ́rò àti olùkọ́ ní àgbègbè tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ìwọ́de, nígbà tó fi di 2017 ọ̀rọ̀ ti di ti ìbọn. Láti ìgbà náà, oníbàárà ò wọ́pọ̀ mọ́. Mo wá ń mú àwọn èèyàn lọ sí ìṣàn omi Ekom-Nkam ní apá tó ń sọ Faransé, àti sí òkè Manengouba pẹ̀lú adágún rẹ̀ méjèèjì tí wọ́n ń pè ní akọ àti abo. Àwọn tó bá taku pé Òkè Kamẹrúùnù ni àwọn fẹ́, mo máa ń rí i dájú pé a ti sọdá afárá Mungo padà kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó ṣú, nítorí gbogbo ọjọ́ Ajé ni ìsọ̀ máa ń tì ní Buea tí ọkọ̀ kì í rìn. Ghost town ni wọ́n ń pè é.

Ọdún 2023 ni mo fẹ́ sọ. Òwúrọ̀ Sátidé, ọjọ́ 18 oṣù kejì, ni ìyàwó mi bí ọmọkùnrin. Mo ka ọjọ́ lórí ìka: ìsọmọlórúkọ bọ́ sí Sátidé, ọjọ́ 25. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Race of Hope, eré ìje tí wọ́n máa ń sá láti Buea dé orí òkè tí wọ́n á sì sá padà, nǹkan bíi 38 kìlómítà. (Ohun tí àwọn oníbàárà mi ń fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe, wákàtí mẹ́rin ó lé ni ẹni tó bá gbégbá orókè máa ń fi ṣe é. Mi ò sọ èyí fún àwọn oníbàárà mọ́.) Tọkọtaya kan ti bẹ̀ mí lọ́wẹ̀ láti wo eré náà láti Hut 1. Wọ́n ti san àṣansílẹ̀, owó náà ni mo sì fi gba ìyá àti ọmọ jáde ní ilé ìwòsàn.

Mo ro ó fún ọjọ́ méjì. Ní ìkẹyìn, mo gbé iṣẹ́ náà fún ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Bakweri, amọ̀nà bíi tèmi, mo ní kó gba gbogbo owó tó kù. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní òun á fi ra bàtà tuntun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, àáfà ti dé, iyọ̀ àti oyin ti wà nílẹ̀, wọ́n ti pa àgbò. Àwọn àgbà tó jókòó sí pálọ̀ tẹjú mọ́ fóònù wọn, nítorí ọjọ́ kan náà ni Nàìjíríà ń dìbò ààrẹ. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó lè dìbò láti Douala, síbẹ̀ ariwo tí wọ́n ń pa pọ̀ ju ti àwọn tó wà lórí ìlà lọ. Orí fóònù yẹn náà ni ìròyìn ti jáde: bọ́ǹbù ti dún lójú ọ̀nà eré ní Buea. Ó kéré tán, èèyàn 19 ló fara pa, àwọn sáréesáré ló pọ̀ nínú wọn. Àáfà ń ṣe àdúà lórí ọmọ mi, èmi ń tẹ nọ́ńbà ọ̀rẹ́ mi lábẹ́ agbádá. Kò gbé e. Nígbà tó yá ló pè, tó ní kò sí ohun tó ṣe òun tàbí tọkọtaya náà, ṣùgbọ́n ibi tó ti dún kò jìnnà sí wọn ju bí ilé wa ṣe jìnnà sí mọ́ṣáláṣí lọ. Kò gun òkè mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Takisí ló ń wà ní Bonabéri báyìí. Bí a bá pàdé, a máa ń ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n kò fi ìgbà kankan béèrè lọ́wọ́ mi ìdí tí mo fi gbé iṣẹ́ náà fún òun, èmi náà kò sì tíì rí ẹnu sọ pé kó má bínú.

Ìgbà òjò kò ní ìtàn púpọ̀. Amọ̀nà máa ń wà nílé ní ìgbà òjò, ìgbà òjò kan náà ni kì í sí owó lápò rẹ̀. Ọmọbìnrin mi àkọ́bí yege nínú ìdánwò ìparí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní Nàìjíríà, Ààrẹ Tinubu kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Nígbà tó fi di oṣù kẹfà náírà já wálẹ̀. Sẹ́fà tí à ń fi ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ wá ń di náírà rẹpẹtẹ, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì rò pé a ti lówó títí àwọn ará ilé fi sọ iye tí ìrẹsì dà fún un.

Lóṣù kẹjọ, àbúrò mi obìnrin ṣe ìgbéyàwó. Ọmọ Foumban ni ọkọ rẹ̀, Bamoun pọ́ńbélé. Ní ọjọ́ ìdána, ìyá alága ní kí ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀. Òjò ti wọ pálọ̀, ilẹ̀ tútù rinrin, àwọn ọkùnrin náà sì wọ aṣọ ńlá wọn tó lẹ́wà. Wọ́n wo ara wọn. Bàbá, tí kò rí ohun tó jìnnà mọ́ dáadáa, ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀, pé ẹni tó ti Foumban wá lójú òjò ti dọ̀bálẹ̀ tán. Ìyẹn ni ẹ̀rín tí mo rántí jù lọ́dún yẹn.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, iléeṣẹ́ kan tó ń kó àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ kiri, tí n kò ní dárúkọ, gbé ará Jámánì mẹ́rin lé mi lọ́wọ́. Ìdajì owó àwọn alábàárù ni wọ́n san, wọ́n ní ìyókù ń bọ̀. Títí di òní kò tíì dé, èmi ni mo san án. A gbéra ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá. Kí n tó kúrò nílé, mo yà kí Bàbá. Ikọ́ ń ṣe wọ́n díẹ̀. Wọ́n ní kí n bá àwọn kí àwọn alábàárù.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà níbòmíràn lórí òkè yẹn. Ṣùgbọ́n àṣà mi ni láti pa fóònù, kí bátìrì lè wà bí ẹnì kan bá ṣèṣe. Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé ni a dé ṣóńṣó. Àwọn ará Jámánì ya fọ́tò, ọ̀kan nínú wọn sunkún ayọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń mú. N kò tan fóònù.

Bàbá ti kú kí ìrun àsùbáà tó parí lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni wọ́n sin wọ́n. Ọ̀sán ọjọ́ kejì, ní Upper Farms, ni mo tan fóònù, gbogbo rẹ̀ sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ kọ ni pé, "Bàbá ń béèrè rẹ." Mo gba owó mi lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì, mo pín in fún àwọn alábàárù, mo sì bá olúkúlùkù wọn bọ ọwọ́, kí n tó jókòó sílẹ̀.

Mo ti ṣe ìṣirò náà tó ìgbà ogún. Láti ṣóńṣó sí Buea, bí mo bá dá nìkan sáré, wákàtí márùn-ún. Láti Buea sí Douala, pẹ̀lú ibi tí àwọn sójà ti ń dá ọkọ̀ dúró, wákàtí méjì sí mẹ́ta. N kò ní bá wọn. Ta ni n bá sì fi àwọn èèyàn mẹ́rin náà sílẹ̀ fún? Síbẹ̀ mo tún máa ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà fídáù ọjọ́ kẹjọ, àwọn tó wá kí wa ní New Bell kò fi bò fún mi. Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ, wọ́n sọ ọ́ léraléra, wọ́n sì ń wo ojú mi. Alàgbà kan ní, "Orí òkè lo wà? Kí lo lọ wá níbẹ̀?" Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ dá lóhùn, nítorí n kò rí i dá lóhùn lọ́jọ́ náà. Alàgbà tó sọ ọ́, Guangzhou ló wà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ó lọ ra ọjà. Gbogbo wa la mọ̀. Ṣe la kí i pẹ̀lẹ́, a ní àtijẹ ló gbé e lọ, kò sẹ́ni tó bi í ní ohun tó lọ wá. Bí ó bá jẹ́ pé kọ̀ńténà ni mo lọ gbà, wọ́n á ní Ọlọ́run ò kọ ọ́ pé ká jọ ríra. Òkè ni wọ́n kò lè dárí jì, nítorí lójú tiwọn, eré ni mò ń ṣe níbẹ̀. Owó eré yẹn ló gba ìyá àti ọmọ jáde ní ilé ìwòsàn. Òun náà ló ra oògùn ojú Bàbá fún ọdún mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín: kì í ṣe àwọn ni mò ń bá jà bí ilẹ̀ bá ṣú. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ iṣẹ́, ìdí wo ni mo fi pa fóònù ní ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà?

Ẹ̀gbọ́n mi ló gbà mí. Ó ní, "Ọmọ ló sin wọ́n. Èmi kì í ṣe ọmọ ni?" Ó wá sọ pé lóru Jímọ̀, nígbà tí Bàbá ń béèrè mi tí wọ́n sọ fún wọn pé mo wà lórí òkè, Bàbá bi í pé, "Èèyàn mélòó ló kó gùn ún?" Ó ní mẹ́rin, pẹ̀lú àwọn alábàárù. Bàbá ní, "Ẹ má pè é o. Ẹ jẹ́ kó kó wọn sọ̀."

Mo bi í bóyá ó ń fi tù mí nínú ni. Ó ní kí n lọ bi Màmá.

N kò tíì bi Màmá. Lóṣù kìíní 2024, mo tún gbéra pẹ̀lú èèyàn méjì. Mo ti ra power bank ńlá kan, ó wúwo bí òkúta, àwọn alábàárù fi mí ṣẹ̀sín. Ní ṣóńṣó òkè, kí ẹnikẹ́ni tó ya fọ́tò, mo pe Màmá. Atẹ́gùn pọ̀ débi pé mo ní láti dojú kọlẹ̀ kí n tó gbọ́ ohùn wọn.

"Níbo lo wà?"

"Orí òkè ni, Mà."

"Ṣé òtútù ò mú ẹ?"

"Ó mú mi, Mà."

"Àwọn tó wà lọ́wọ́ rẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti jẹun?"