Ihò Imú Òsì Nìkan Ni

Odindi oṣù 7 ni ológbò wa fi ń sín nílùú Jos tí à ń gbé. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ọyẹ́ ni gbogbo wa dá lẹ́bi. Ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, òjò dé, kò dáwọ́ dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni mo rí ẹ̀jẹ̀ lára ògiri. Àyà mi já.

Ẹni tó ń ta oògùn ẹran fún wa lóògùn lẹ́ẹ̀mejì. Á rọlẹ̀, á tún padà. Aládùúgbò kan ní kí n fún un ní parasitamọ́ọ̀lù. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo kọ́kọ́ béèrè: oògùn yẹn máa ń pa ológbò!

Ọmọ mi, ọmọ ọdún 9, ló sọ pé, "Mọ́mì, ihò òsì nìkan ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde."

Mo sọ ọ́ fún dókítà ẹranko. Ó ní òtútù sábà máa ń mú ihò méjèèjì. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ó lè jẹ́ koríko ló há síbẹ̀, ó lè jẹ́ kókó, ó sì lè jẹ́ eyín. Wọ́n fún un lóògùn oorun, wọ́n ya àwòrán ẹnu rẹ̀. Gbòǹgbò eyín òkè lápá òsì ti kẹ̀, ó ti lu wọ inú imú. Wọ́n yọ eyín náà, wọ́n sì rán ojú ihò náà pa.

Ó ti pé oṣù 4 báyìí, kò sín mọ́. Ẹ̀yin òbí, ológbò ò lè sọ ibi tó ń dùn ún. Ẹ máa ṣàkíyèsí, ẹ sì máa fetí sí ọmọ yín. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.